Kókó líle lẹ́yìn ọwọ́ ọmọ tó ń gbá họ́kì orí yìnyín: ṣé kí a gé e ni?

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Minnesota ni à ń gbé. Ọmọ mi ọkùnrin pé ọdún 17 lóṣù tó kọjá, láti kékeré ló sì ti ń gbá họ́kì orí yìnyín. Ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ fi Jarome Iginla, agbáhọ́kì ará Kánádà, hàn án lórí tẹlifíṣọ̀n, tó sọ fún un pé orúkọ Yorùbá ni, ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ wa. Láti ìgbà òtútù tó kọjá, kókó kan yọ sí ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún. Ó le bí òkúta, ó sì máa ń dùn ún bó bá ti kúrò lórí yìnyín. Wọ́n ya X-ray, wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan kan. Wọ́n ya MRI, àwòrán tó ń wo inú ara jinlẹ̀ ju X-ray lọ, wọ́n ní eegun ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kò rí bó ṣe yẹ, pé carpal boss ni. Dókítà kan ní ká gé e, èkejì ní ká fi í sílẹ̀. Ìyá mi nílé ní ká máa fi òrí àti omi gbígbóná jó o kí ó lè wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kì í ṣe jẹjẹrẹ? Ṣé èmi ni mo jẹ́ kí ọmọ mi ba ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ́? Àwọn tó ń fi eré yìí jẹun ńkọ́, ṣé bí ọwọ́ tiwọn náà ṣe ń rí nìyí?”

Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ jẹ́ kí n mú jẹjẹrẹ kúrò nílẹ̀ ná, torí mo mọ̀ pé òun ni kò jẹ́ kí ẹ rí oorun sùn. Bí ohun tí MRI sọ bá rí bí ẹ ṣe kọ ọ́ sí mi, kókó yìí kì í ṣe jẹjẹrẹ, kò sì ní di jẹjẹrẹ lọ́la. Eegun ni, eegun gidi bíi ti gbogbo eegun tó kù lára rẹ̀, àfi pé ó yọ síbi tí a kò fojú sí. Ohun tó wá kù ni ká mọ ohun tó gbé e débẹ̀, ká mọ ìdí tó fi ń dùn, ká sì mọ èyí tó gba ọ̀nà nínú àwọn dókítà méjèèjì. Lójú tèmi, kò sí èyí tó ń purọ́ nínú wọn; ọ̀kan kàn tètè fa ọ̀bẹ yọ ni.

Ẹ fi ìka ọwọ́ òsì yín tọ eegun ìka àárín lẹ́yìn ọwọ́ ọ̀tún, láti oríkèé tó máa ń yọ bí ẹ bá di ẹ̀ṣẹ́, kí ẹ máa bọ̀ wá sí apá ọrùn ọwọ́. Ibi tí eegun gígùn yẹn ti tán, tí ìka yín fẹ́ bọ́ sínú kòtò kékeré kan, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Eegun kéékèèké mẹ́jọ ló wà nínú ọrùn ọwọ́ kan, wọ́n tò ní ìlà méjì, wọ́n fún mọ́ra wọn bí ekùrọ́ inú àwo. Tọwọ́ ọ̀tún tòsì jẹ́ mẹ́rìndínlógún, iye ikin tó wà lọ́wọ́ babaláwo. Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tó jẹ́ Yorùbá nìyẹn, wọn kì í sì í gbàgbé rẹ̀ mọ́. Ìdí eegun ìka ìlábẹ̀ àti ti ìka àárín jókòó lórí méjì nínú àwọn eegun kéékèèké yìí. Oríkèé ibẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ mì rárá. Ti ìka kékeré àti èyí tó tẹ̀lé e máa ń mì, kí ọwọ́ lè ká mọ́ nǹkan. Àmọ́ ti ìlábẹ̀ àti ti àárín dúró gbọin bí òpó àárín ilé. Iṣan líle méjì tó ti ẹ̀bá ìgbọ̀nwọ́ wá ló so mọ́ ìdí eegun méjèèjì yìí, ọ̀kan sí ti ìlábẹ̀, ọ̀kan sí ti àárín. Àwọn ló ń gbé ẹ̀yìn ọwọ́ sókè nígbàkigbà tí a bá ká ọrùn ọwọ́ sẹ́yìn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa padà síbẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni kókó fi ń yọ níbẹ̀. Àkọ́kọ́ jẹ́ àbímọ́ni. Nígbà tí ọmọ ṣì wà nínú oyún, èérún eegun kan wà tó yẹ kó lẹ̀ mọ́ ìdí eegun ìka àárín. Lára àwọn kan, kì í lẹ̀ mọ́ ọn. Á dá dúró gẹ́gẹ́ bí eegun kẹsàn-án, tàbí kó lọ lẹ̀ mọ́ aládùúgbò. Os styloideum ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Ẹni tó ní in lè gbé ayé rẹ̀ dọ́jọ́ ogbó láìmọ̀ pé òun ní in. Ọ̀nà kejì ni ti iṣẹ́: oríkèé tó yẹ kó dúró gbọin ń gba ìlù lójoojúmọ́, etí eegun méjèèjì á bẹ̀rẹ̀ sí í hù, á yọ ṣóńṣó bí ẹnu ọkọ́ tí òkúta ti lù tó yí padà. Oníṣègùn ará Faransé kan, Fiolle, ló sọ ọ́ lórúkọ ní 1931: carpe bossu, ìyẹn ọrùn ọwọ́ abuké; òun ni carpal boss tí wọ́n sọ fún yín. Orúkọ náà burú létí, ohun tó ń tọ́ka sí kò burú tó bẹ́ẹ̀. Lọ́wọ́ ọmọ tó ń gbá họ́kì, ohun méjèèjì sábà máa ń pàdé ni: a bí i pẹ̀lú èérún eegun, eré wá ń jí i lójoojúmọ́.

Ẹ wá bá mi kí màmá nílé. Òrí kò ní pa á lára, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ náà kò burú, ó tiẹ̀ lè tu iṣan lára. Ohun tí mo bẹ̀ yín sí ni pé kí ẹnikẹ́ni má tẹ kókó náà pé kó wọlé. Kì í ṣe eegun tó yẹ̀. Àwọn tó ń to eegun nílé mọ bí wọ́n ṣe ń dá oríkèé tó yẹ̀ padà, mi ò ní bú wọn. Àmọ́ èyí kò kúrò nípò rẹ̀, kò sí ibi tí a fẹ́ dá a padà sí. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, iṣan tó gba orí rẹ̀ kọjá ló máa wú.

Èmi náà ti ṣìnà lórí rẹ̀ rí. Nígbà tí mo ṣì kéré nídìí iṣẹ́ yìí, ọ̀dọ́mọkùnrin agbáhọ́kì kan wá sọ́dọ̀ mi pẹ̀lú irú kókó yìí. Mo wò ó lẹ́ẹ̀kan, mo ní kókó omi ni, irú èyí tó máa ń yọ lẹ́yìn ọwọ́ àwọn obìnrin tó ń fọṣọ. Mo mú abẹ́rẹ́, mo ní kí n fa omi rẹ̀. Abẹ́rẹ́ wọlé tán, ó ro kàn, mo bá òkúta pàdé. Ọmọ náà wò mí, èmi náà wò ó. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi àtàǹpàkò tẹ kókó kí n tó gbẹ́nu lé ohun tó jẹ́: ti omi máa ń rọ̀ díẹ̀, ó máa ń yẹ̀ lábẹ́ ìka, ó sì máa ń sún mọ́ ọrùn ọwọ́ gan-an, ti eegun kì í mì, iwájú díẹ̀ ló sì máa ń wà. Ohun tó ń da gbogbo wa láàmú ni pé omi lè kó jọ sórí ti eegun, kí méjèèjì jọ wà lójú kan.

X-ray tí wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan kan níbẹ̀ kò yà mí lẹ́nu. Bí ọwọ́ bá tẹ́ pẹrẹsẹ tàbí tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ lásán, àwọn eegun yòókù á bo kókó náà mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí i ní láti jẹ́ kí ọwọ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó wá yí àtẹ́lẹwọ́ sókè díẹ̀, bíi 30 sí 40 digírì, kó sì tẹ ọwọ́ sí ọ̀nà ìka kékeré. Nígbà náà ni ẹ̀yìn kókó á yọ ketekete bí òkè lójú ọ̀run. MRI ló ń sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù: ṣé inú eegun ibẹ̀ ti rin bí ilẹ̀ tí òjò pa, àmì pé ìlù ti pọ̀ jù, tàbí ó gbẹ, tó kàn wà níbẹ̀ lásán. Nínú ìwé èsì ọmọ yín, ẹ wá ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ nípa ìyẹn, kí ẹ má kàn ka orúkọ àrùn nìkan.

Kí ló wá dé tó fi jẹ́ họ́kì orí yìnyín? Ẹ má fi wé họ́kì orí koríko tí a ń gbá nílé ìwé ní Nàìjíríà. Puck tí wọ́n ń gbá jẹ́ rọ́bà líle pẹlẹbẹ, nǹkan bíi gíráàmù 170, wọ́n sì máa ń fi í sínú yìnyín ṣáájú ìdíje kó má baà máa ta. Bí agbáhọ́kì bá fẹ́ gbá ìgbá líle, kì í lu puck tààrà. Yìnyín ló máa kọ́kọ́ lù lẹ́yìn puck, ọ̀pá á tẹ̀ bí ọrun ọdẹ, ìgbà tó bá ń na padà ló máa ta puck jáde. Báyìí ni agbáhọ́kì kan, Zdeno Chara, ṣe gbá a níbi ìdíje ọgbọ́n eré NHL, líìgì họ́kì ńlá ti Amẹ́ríkà àti Kánádà, ní 2012, tí puck fi sáré máìlì 108.8 ní wákàtí kan. Agbára tó tẹ ọ̀pá yẹn, ta ló gbà á? Ọwọ́ ìsàlẹ̀ ló gbé e lé ọ̀pá, ọwọ́ òkè ló dá a dúró. Ọrùn ọwọ́ méjèèjì ní láti le gbagidi lásìkò náà, àwọn iṣan méjì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan sì ń fa ìdí eegun wọn bí ẹni ń fa ìṣó yọ. Ọwọ́ òkè tún ní ìyà tirẹ̀: òun ló ń yí ọ̀pá sọ́tùn-ún sósì láìsinmi bí ọmọ bá ń da puck. Ìdíje tó lé ní ọgọ́rin ni ẹgbẹ́ NHL kan ń gbá ní sáà kan, a kò tíì ka ìgbáradì mọ́ ọn. Iginla tí ọmọ yín fẹ́ràn, Adékúnlé wà nínú àwọn orúkọ rẹ̀, bàbá rẹ̀ ló ti Nàìjíríà lọ sí Kánádà. Ìdíje 1,554 ló gbá nínú NHL, ó gbá góòlù 625, wọ́n sì yàn án sínú ilé àwọn akọni họ́kì ní 2020. Ẹ fojú inú wo iye ìgbà tí ọrùn ọwọ́ kan ti ká tó sì na láàárín irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìdáhùn ìbéèrè yín tó gbẹ̀yìn rèé: bẹ́ẹ̀ ni. Bí a bá to àwọn tó ń fi họ́kì jẹun jọ, àwọn tí ọwọ́ kò dùn rárá, tí a sì ya MRI ọrùn ọwọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, a máa rí kókó, a máa rí iṣan tó ti ya díẹ̀ ní apá ìka kékeré, a máa rí ojú ibi tí eegun ti dá rí tó ti jinná. Ọ̀pá alátakò ń bà wọ́n níbẹ̀ léraléra. Ó burú débi pé ní 2017 NHL pàṣẹ fún àwọn adájọ́ eré kí wọ́n má fojú fo ọ̀pá tó bá balẹ̀ sórí ọwọ́ ẹni mọ́. Àwòrán ọwọ́ oníṣẹ́ kì í dán. Ọwọ́ bíríkìlà náà kì í dán. Nítorí náà, bí dókítà bá ní eegun kò rí bó ṣe yẹ, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kò jọ ti inú ìwé. Kò tíì sọ pé ó ń ṣàìsàn, kò sì tíì sọ pé òun gan-an ló ń dun ọmọ yín.

Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú jù. Kókó tó hàn sójú máa ń gba ẹ̀bi lọ́wọ́ ohun tó fara pamọ́. Ohun mẹ́ta kan wà nínú ọwọ́ agbáhọ́kì tí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú fò nítorí pé a ti rí carpal boss. Èyí tó ń dẹ́rù bà mí jù ni eegun ọlọ́kọ̀ ojú omi, scaphoid, tó wà nísàlẹ̀ àtàǹpàkò. Bí ọmọ bá ṣubú, tó fi àtẹ́lẹwọ́ gba yìnyín tàbí pákó ẹ̀gbẹ́ pápá, eegun yìí ni ó sábà máa ń dá. Apá iwájú ni ẹ̀jẹ̀ ti ń wọ inú rẹ̀ kó tó ṣàn padà sẹ́yìn. Bó bá dá láàárín, ẹ̀yìn rẹ̀ lè kú bí ẹ̀ka igi tí a gé kúrò lára gbòǹgbò. X-ray ọjọ́ àkọ́kọ́ lè má fi hàn. Ẹ na àtàǹpàkò sókè, kòtò kan á yọ nísàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn Òyìnbó ń pè é ní àpótí aṣáà, torí ibẹ̀ ni àwọn baba wọn ń bu aṣáà sí kí wọ́n tó fà á símú. Bí títẹ̀ ibẹ̀ bá dun ọmọ lẹ́yìn ìṣubú, ẹ jẹ́ kí wọ́n de ọwọ́ náà, kí wọ́n sì tún àwòrán yà lẹ́yìn bí ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá, tàbí kí wọ́n yára ya MRI.

Èkejì ni eegun tó dà bí oṣù lílé, lunate, tó wà láàárín gbùngbùn. Ẹ̀jẹ̀ lè má dé ibẹ̀ mọ́, kó máa kú díẹ̀díẹ̀, kó sì pẹlẹbẹ. Robert Kienböck ní ìlú Vienna ló ṣàlàyé rẹ̀ ní 1910, orúkọ rẹ̀ ni àrùn náà ń jẹ́. Nígbà tó di 1928, Hultén kíyè sí i pé ó wọ́pọ̀ lára àwọn tí ọ̀kan nínú eegun apá wọn méjèèjì, èyí tó wà lápá ìka kékeré, kúrú ju èkejì lọ. Ìrora rẹ̀ wà lẹ́yìn ọwọ́, ó sún mọ́ ti carpal boss, ìdí nìyẹn tí mo fi dárúkọ rẹ̀. MRI tí wọ́n ti yà yẹn ti tó láti sọ bóyá ó wà níbẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ìwọ̀ eegun hamate, nínú àtẹ́lẹwọ́ lápá ìka kékeré, níbi tí ìdí ọ̀pá ń gún. Ìyẹn lè dá láìsí ìṣubú kankan. Bí ọmọ bá ní dídi ọ̀pá mú ló ń dun òun nínú àtẹ́lẹwọ́, CT, àwòrán mìíràn tó ń fi eegun hàn kedere, ni kí ẹ béèrè. Èyí tó bá dá, wọ́n sábà máa ń yọ ọ́ kúrò ni, ọ̀pọ̀ sì ń padà sórí yìnyín láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ.

Ká ní carpal boss nìkan ni, kí ni kí ẹ ṣe? Dókítà tó ní kí ẹ fi í sílẹ̀ sọ ìlàjì òótọ́, torí fífi sílẹ̀ kì í ṣe kí ọmọ máa bá eré lọ bó ṣe ń ṣe é. Mo máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà tí ọwọ́ á fi wà nínú ike ìdè tí kò jẹ́ kó ká sẹ́yìn, tí a sì ń tú u láti wẹ̀. Kì í ṣe P.O.P. Lásìkò náà, ọmọ lè máa sáré lórí yìnyín, àmọ́ kí ìgbá líle dúró. Ẹ bi í léèrè iye puck tó ń gbá nínú gáráàjì lálẹ́; àwọn ọmọ wọ̀nyí kì í ka ìyẹn mọ́ eré. Mo ti rí èyí tó ń gbá ọgọ́rùn-ún mẹ́ta lálaalẹ́ sórí ilẹ̀ oníkọnkéré, tí kọnkéré náà ń ta padà sí i lọ́wọ́. Ẹ wo ọ̀pá rẹ̀ pẹ̀lú. Nọ́ńbà kan wà lára rẹ̀ tó ń sọ bó ṣe le tó, iye pọ́n-ùn tó máa tẹ̀ ẹ́ ní íǹṣì kan. Àwọn kóòṣì sábà máa ń fi ìdajì ìwọ̀n ara ọmọ ní pọ́n-ùn díwọ̀n rẹ̀. Ọmọ ọdún 17 tó fẹ́ dà bí àgbà máa ń ra èyí tó le ju agbára rẹ̀ lọ, ọrùn ọwọ́ ló sì ń san owó rẹ̀. Nínú ilé ìdárayá, kó yé fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ilẹ̀ ṣe push-up. Kó di ẹ̀ṣẹ́ tàbí kó di irin mú, kí ọrùn ọwọ́ lè dúró gbọrọ.

Abẹ́rẹ́ stẹ́rọ́ìdì wà. Ó lè mú ìrora lọ fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀, mo sì máa ń fún àwọn tí sáà eré wọn kù díẹ̀ kó parí. Lẹ́ẹ̀kan ni o. Bí a bá ń gún un léraléra lẹ́bàá iṣan, iṣan á rọ, ó sì lè já. Ohun kan tún wà tí àwọn dókítà funfun máa ń gbàgbé láti sọ fún wa: lára awọ dúdú, ojú ibi tí abẹ́rẹ́ náà bá wọ̀ lè funfun bàlà, kí ẹran abẹ́ rẹ̀ sì rún wọlé. Ó máa ń padà bọ̀ sípò lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, àmọ́ ó lè gbà tó ọdún kan.

Iṣẹ́ abẹ ló kù. Mo ti ṣe é, inú ọ̀pọ̀ tí mo ṣe é fún sì dùn. Wọ́n á gé kókó náà kúrò títí wọ́n á fi kan ibi tí oríkèé ti dára. Ibi tó ti le nìyẹn: bí wọ́n bá gé e kù, ó lè tún hù; bí wọ́n bá gé e jù, oríkèé tí mo fi wé òpó á bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ìrora tuntun á sì dé, débi pé wọ́n lè ní láti lẹ eegun méjèèjì pọ̀ títí ayé. Awọ ẹ̀yìn ọwọ́ fẹ́lẹ́, ojú ọgbẹ́ lè máa ta nígbà tí ìbọ̀wọ́ bá fọwọ́ kàn án. Ẹ ka oṣù méjì sí mẹ́ta kó tó lè gbá ìgbá líle. Fún ọmọ ọdún 17 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ní ìrora láti ìgbà òtútù, tí kò tíì de ọwọ́ rí, tí kò tíì pààrọ̀ ọ̀pá rí, mi ò ní gbé ọ̀bẹ. Bí oṣù mẹ́fà bá kọjá tó ti ṣe gbogbo èyí tọkàntọkàn, tí MRI tuntun ṣì fi inú eegun tó rin hàn ní ojú ibi gan-an tí ìka ti ń rí ìrora, mo máa ṣe é, ní kété tí sáà eré bá parí. Dókítà tó bá sì máa ṣe é, ẹ bi í léèrè iye irú rẹ̀ tó ti ṣe. Bó bá ní méjì, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ wá oníṣẹ́ abẹ ọwọ́ gan-an lọ.

Nípa pé bóyá ẹ̀yin lẹ ba ọwọ́ rẹ̀ jẹ́: ó ṣeé ṣe kó ti mú èérún eegun náà wá sáyé. Eré kò dá a, ó kàn jí i ni. Bó bá sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ìyàn sínú NHL ló ń da ọmọ yín láàmú, àwọn ẹgbẹ́ náà ní dókítà tiwọn, wọ́n ń yẹ ara àwọn ọ̀dọ́ wò kí wọ́n tó yàn wọ́n, wọn kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rí kókó lẹ́yìn ọwọ́. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni bóyá ọwọ́ náà lágbára, bóyá ó ká, tó sì na bí ìkejì rẹ̀.

Mi ò rí ọmọ yín, mi ò fọwọ́ kan ọwọ́ rẹ̀, lẹ́tà kò sì lè rọ́pò ìka tó mọ ibi tó yẹ kó tẹ̀. Bí ẹ bá padà lọ, ẹ ní kí dókítà fi ìka kan ṣoṣo tẹ orí kókó náà, kó sọ fún ọmọ pé kó gbé ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ sókè, kí dókítà sì máa tì í sísàlẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ló ti pariwo, a ti mọ ọ̀tá. Bó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ àtàǹpàkò tàbí apá ìka kékeré ló ti ní “yéè”, ẹ gbàgbé kókó náà ná, kí ẹ ní kí wọ́n tún MRI yẹn kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí ẹ sì kọ̀wé sí mi bóyá ọwọ́ òkè ni tàbí ọwọ́ ìsàlẹ̀, ẹ kò sọ ọ́ nínú lẹ́tà yín.